Ṣé ẹ rántí? Àríyànjiyàn lórí àwo Marcus Garvey ti Burning Spear

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ rẹ́gẹ̀ dáadáa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń fẹnu pọ́n àwo Marcus Garvey tí Burning Spear ṣe. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lórí fóònù mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ. Orin méjì ló dá lé orúkọ ọkùnrin kan ṣoṣo. Kò sí ìtàn ìfẹ́ níbẹ̀, kò sí ijó, ẹsẹ̀ orin rẹ̀ ò gùn bíi ti Bob Marley. Kí lẹ rí níbẹ̀? Tí mo bá sì fẹ́ ra rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, èwo ni kí n rà? Wọ́n ní oríṣi tó wà níta ju ẹyọ kan lọ.

* * *

Àbúrò, mi ò ní bú ọ. Òótọ́ lo sọ pé ó ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ àwo yẹn wà.

Kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá. Oṣù Kejìlá ọdún 1975 ni iléeṣẹ́ Island Records gbé e jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Orin mẹ́wàá ni. Nígbà yẹn, Burning Spear kì í ṣe ẹnì kan, ọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n: Winston Rodney ló ń lé orin, Rupert Willington àti Delroy Hinds ló ń gbè é. Ara Jomo Kenyatta ti ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni wọ́n ti mú orúkọ yẹn, ọ̀kọ̀ tó ń jó. Ìlú Saint Ann's Bay, létí òkun ní apá àríwá Jàmáíkà, ni wọ́n bí Rodney sí. Ìlú yẹn náà ni wọ́n bí Marcus Garvey, ajìjàgbara àwọn aláwọ̀ dúdú, sí ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ ọdún 1887. Ọmọ ìlú rẹ̀ ló ń kì.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ tí mo fi ní ó ń kì í. Ẹni tó bá jókòó ti onírárà kò ní torí pé ó pe orúkọ bàbá kan lẹ́ẹ̀mẹwàá kó ní ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. A kì í ki ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ká fi í sílẹ̀. A ó máa pè é títí orí rẹ̀ á fi wú. Garvey ti kú ní Lọ́ńdọ̀nù láti oṣù Kẹfà ọdún 1940. Orí ta wá ni Spear fẹ́ kó wú? Ti àwọn tó ń gbọ́ ọ ni.

* * *

Ọ̀pọ̀ ló ti dá sí i lẹ́yìn ìdáhùn mi. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ ni pé Marley ló ni gbogbo nǹkan, pé àwọn tó kù ń tẹ̀ lé e ni. Mi ò gbà, bí mo ṣe fẹ́ràn Marley tó. Ẹkùn Saint Ann kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá, Marley láti abúlé Nine Mile. Rodney fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́ pé òun pàdé Marley lọ́nà oko, Marley àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àdá àti irúgbìn. Rodney ní òun fẹ́ kọrin. Marley ní kó lọ bá Coxsone Dodd ní iléeṣẹ́ orin rẹ̀, Studio One. Ọdún 1969 nìyẹn. Ẹni tó júwe ọ̀nà fún ẹ kì í ṣe ẹni tó bá ẹ rìn ín. Marley máa ń bá ayé sọ̀rọ̀, ó ń fa olólùfẹ́ mọ́ra, ó ń bá olóṣèlú jà. Spear jókòó sójú kan, ó mú ilẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ijó wá kù. O ní kò sí ijó. Lórí fóònù lo ti gbọ́ ọ, fóònù rẹ sì ti jẹ ìdajì orin náà mọ́ ọ lọ́wọ́. Robbie Shakespeare àti Aston Barrett tí wọ́n ń pè ní Family Man ló ta gìtá béèsì sí àwo yẹn. Leroy Wallace, Horsemouth, ló lu ìlù. Sípíkà fóònù kò lè gbé béèsì kankan. Ohùn Rodney àti fèrè nìkan lo gbọ́, ó wá dà bí ẹni pé ẹnì kan dá dúró lórí òkè tó ń ké. Nínú rẹ́gẹ̀, béèsì ni ìyáàlù. Òun ló ń sọ̀rọ̀, gìtá kékeré tó ń dún "ṣẹ̀-ṣẹ̀" lókè dà bí ìṣáájú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má yẹsẹ̀. Ìlù ẹsẹ̀ kì í sì bọ́ síbi tí ara wa ti ń retí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Á fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, á wá bọ́ ní ìkẹta. Òfìfo yẹn ló ń fa orúnkún ènìyàn wálẹ̀.

Wá sípíkà tó ní ikùn. Yá a tí o kò bá ní in.

* * *

Ẹnì kan bèèrè ibi tí èmi ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìbàdàn ni, ní nǹkan bí ọdún 1988, nígbà tí Majek Fashek gba gbogbo rédíò tí àwa ọmọdé ń dá irun sí lókè ká máa pe ara wa ní Ràsítà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ń ka orin sórí kásẹ́ẹ̀tì fún ènìyàn. O máa kọ orúkọ àwo tí o fẹ́ sínú ìwé pélébé, o máa sanwó, o máa padà wá lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ka Marcus Garvey fún mi sí ojú kan kásẹ́ẹ̀tì ọlọ́gọ́ta ìṣẹ́jú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ojú kan, àwo náà sì jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Kò sọ fún mi. Orin ẹlòmíràn ló kà sí ojú kejì, èyí tí mi ò béèrè fún. Orin kẹsàn-án, Red, Gold and Green, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parí tí kásẹ́ẹ̀tì fi já "kàá". Mo rò pé ibẹ̀ ni àwo náà parí sí. Ó dùn mí títí dòní, nítorí owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ka orin yẹn.

Lọ́jọ́ kan, màmá mi jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń bó ègúsí sínú abọ́ tánganran kan tó ti jẹ lẹ́nu. Mo gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sójú fèrèsé. Ó kan orin kejì, Slavery Days. Rodney á béèrè, àwọn elégbè á tún un béèrè: ṣé ẹ rántí ìgbà oko ẹrú? Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn. Màmá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀, ti Jàmáíkà ni ká má tilẹ̀ sọ. Ó ní, "Kí ni bàbá yẹn ń béèrè tí wọn ò dá a lóhùn?"

Mo ní, "Ó ní ṣé wọ́n rántí ayé ẹrú, Mà."

Ó dákẹ́. Ó fi èékánná la ègúsí bíi mẹ́ta mẹ́rin, ó ju èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wá ní, "Ta ló ń bi?"

Mi ò ní èsì. Mo wò ó pé àwọn ará Jàmáíkà ni, tàbí àwọn òyìnbó. Ó kàn mi orí, ó ń bó ègúsí rẹ̀ lọ.

* * *

Mo ti mọ̀ pé èyí máa dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ Yorùbá lọ́rùn, pé orin àwọn tó wà lókè òkun ni, òyìnbó ló jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ yín. Òyìnbó jẹ ẹ́, ó jẹ ẹ́ gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbọ́ orin kẹta lórí àwo yẹn, The Invasion. Ó ní wọ́n kó wa kúrò ní Áfíríkà, wọ́n fẹ́ jí àṣà wa. Ta ló kó wọn dé etíkun? Ọdún 1821 ni ogun wọ Òṣogùn tí wọ́n kó Àjàyí, ọmọdé tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yorùbá Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí wà nínú àwọn tó kó òun. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé Èkó. Ọkọ̀ àwọn Potogí ló wà ní 1822 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó já a gbà. Ogun Òwu, ogun tó tú Ọ̀yọ́ ká, gbogbo wọn ló ń kó ènìyàn ránṣẹ́ sí etíkun. Ẹnì kan ń mú, ẹnì kan ń tà, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ.

Yorùbá sì dé Jàmáíkà. Kì í ṣe àsọdùn. Lẹ́yìn tí oko ẹrú parí pátápátá níbẹ̀ ní 1838, wọ́n tún kó àwọn tí ọkọ̀ ogun gbà sílẹ̀ lórí òkun lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ tiwa. Nago ni wọ́n ń pè wọ́n, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ènìyàn wa ní Ànàgó ní ilẹ̀ Dàhòmì. Ní ẹkùn Westmoreland, abúlé kan ṣì wà tó ń jẹ́ Abeokuta. Ẹni tó bá ti Ẹ̀gbá wá níbí, kó rò ó wò. Àwọn kan dé ibi tí wọn kò ti mọ ẹnikẹ́ni, wọ́n fún ilẹ̀ náà lórúkọ ilé.

Nítorí náà, tí Rodney bá béèrè pé ṣé ẹ rántí, èmi gbà pé ó ń bi àwa náà. Ẹ lè má gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé kò kàn wá.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó ní orin àwọn amugbó ni: ẹ gbọ́ Live Good, orin kẹrin. Ohun tí bàbá yín ń sọ fún yín láàárọ̀ ló wà níbẹ̀, kí ẹ gbé ìgbé ayé rere. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó tóbi jù ni ti ẹni tó ní Garvey fúnra rẹ̀, oníjìbìtì ni, pé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà ló dá a lẹ́bi. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Garvey dá UNIA, ẹgbẹ́ fún ìlọsíwájú àwọn aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní Kingston, olú ìlú Jàmáíkà, ní 1914. Ó dé New York ní 1916, ó ń tẹ ìwé ìròyìn Negro World, ó sì dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Black Star Line sílẹ̀ ní 1919, kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè máa fi ọkọ̀ tiwọn ṣòwò. Àwọn alágbàṣe, àwọn afọṣọ, àwọn tó ń gbé ẹrù ló fi dọ́là díẹ̀díẹ̀ ra ìpín níbẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n rà ti gbó, iye tí wọ́n rà á ju iye rẹ̀ lọ, owó náà sì wọmi. Ní 1923 wọ́n dá a lẹ́bi pé ó fi lẹ́tà lu jìbìtì. Wọ́n ní àpòòwé kan tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí, kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n dá fún un, ó wọ ẹ̀wọ̀n Atlanta ní 1925, Ààrẹ Coolidge dín in kù ní 1927, wọ́n sì lé e padà sí Jàmáíkà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Ààrẹ Biden dárí jì í, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún tó ti kú.

Bí mo ṣe rí i nìyí: kò mọ òwò ọkọ̀ ṣe, ó sì gba àwọn tí kò yẹ gbọ́. Ìyẹn kì í ṣe olè. Ẹni tó jẹ́ olè kì í kú sínú ilé àyágbé nílẹ̀ àjèjì.

Ẹ wá wo ohun tí Spear ṣe. Kò dárúkọ ọkọ̀ kankan. Orin àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Garvey ti ṣẹ, ohun tó sì fi hàn pé ó ṣẹ ni pé kò sóúnjẹ, kò sówó ná. Ní 1975 ló ń sọ ọ́. Ó béèrè pé Bagawire dà, ọ̀dàlẹ̀ tí wọ́n ní ó ta Garvey. Nígbà tó dé Old Marcus Garvey ní ojú kejì, ó ní kò sẹ́ni tó rántí bàbá náà mọ́. Ó wá ń to orúkọ àwọn tí wọ́n ń rántí: Paul Bogle, William Gordon, Norman Manley, Bustamante. Gbogbo wọn ni akọni orílẹ̀-èdè Jàmáíkà.

Ibẹ̀ ló ti ń gbóná fún mi. Ìjọba ti gbé òkú Garvey wá sílé láti Lọ́ńdọ̀nù ní 1964, wọ́n sin ín sí ọgbà àwọn akọni, òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi joyè akọni. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ọmọ ìlú rẹ̀ dìde, ó ní ẹ ò rántí rẹ̀. Irọ́ ló pa ni? Rárá o. A mọ̀ ọ́n nílé wa náà. Ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ olóògbé sọ títì tí kò ní ọ̀dà, tí ọmọ tó ń gba ibẹ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́ kò sì lè sọ ohun tí ẹni náà ṣe. Lọ́dún 1920, ẹ̀ka UNIA wà ní Èkó. Ẹ bi àwọn ọmọ Èkó mẹ́wàá lónìí.

* * *

Ó yá, ká padà sí ti ẹni tó fẹ́ ra rẹ́kọ́ọ̀dù, nítorí àwọn kan ti ń bú ara wọn lórí rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Jack Ruby, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Lawrence Lindo, ará Ocho Rios, ló ṣe àwo náà. Ó ní sound system, àwọn sípíkà ńlá tí wọ́n ń gbé kiri láti ṣeré fún ará ìlú. Sítúdíò Randy's ní Kingston ni wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Orin Marcus Garvey, ó fẹ́ fi ṣe ti ara rẹ̀ nìkan ni, kí sound system òun máa dá a lù. Àwọn ènìyàn kò jẹ́ kó sinmi, ló bá tẹ̀ ẹ́ jáde. Island gba àwo náà, wọ́n tún ohùn rẹ̀ pò, kí etí àwọn òyìnbó tó ń gbọ́ rọ́ọ̀kì lè gbà á. Ó bí Rodney nínú, kò sì pẹ́ tó fi dá iléeṣẹ́ orin tirẹ̀, Spear, sílẹ̀.

Àwọn kan wá ń sọ pé èyí tí Jàmáíkà tẹ̀ lábẹ́ orúkọ Fox nìkan ló yẹ ká gbọ́, pé Island fọ èyí tó kù mọ́ jù, pé wọ́n tilẹ̀ mú àwọn orin kan sáré. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi. Rodney ní ẹ̀tọ́ láti bínú: ta ni máa hun aṣọ òkè rẹ̀ tán tí ẹlòmíràn á gé etí rẹ̀ torí oníbàárà? Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe àṣejù. Èyí tí Island ṣe ni ayé mọ̀, òun ni èmi gbọ́ ní Ìbàdàn. Fèrè Bobby Ellis àti tròńbóònù Vin Gordon ṣì ń fọn bí ìgbà tí ìlú ń pe ara rẹ̀ jọ. Àbúrò, èyí tí o bá rí ni kí o rà. Tí o bá wá fẹ́ràn rẹ̀ débi tí o fi ń lálàá rẹ̀, nígbà náà wá ti Fox, kí o sì múra owó.

Wá Garvey's Ghost pẹ̀lú, tó jáde ní 1976. Orin kan náà ni, wọ́n yọ púpọ̀ nínú ohùn kúrò, ó ku béèsì àti ìlù àti ìró tó ń padà wá bí ohùn nínú kòtò. CD kan wà tí wọ́n kó méjèèjì pọ̀ sí.

Tí o bá ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ti lò, gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kí o sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ kò burú. Èyí tí èékánná rẹ bá kọ́ ni kí o sá fún.

* * *

Ẹnì kan ní gbogbo èyí ti di ìtàn, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Ní 2005, Sinéad O'Connor, ọmọ Áyálándì, lọ sí Kingston, ó kọ orin Marcus Garvey yẹn sínú àwo rẹ̀. Sly Dunbar àti Robbie Shakespeare ló bá a ṣe é. Robbie yẹn náà ló ta béèsì ní 1975. Rodney gba Grammy fún rẹ́gẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 2000 àti 2009. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wù mí jù ni fíìmù Rockers ti 1978. Òun àti Horsemouth jókòó létí omi lálẹ́. Kò sí béèsì, kò sí ìlù, kò sí fèrè. Ó kàn la ẹnu, ó kọrin pé Jáà, Ọlọ́run àwọn Ràsítà, kò kú. Ẹ wò ó, kí ẹ wá sọ fún mi pé ó ti di ìtàn.

* * *

Àbúrò tó béèrè ti padà wá. Ó ní òun gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n òun tó ní sípíkà gidi, pé Tradition lójú kejì ló mú òun, ibi tó ti ń sọ pé ìtàn ẹgbẹ̀rún ọdún méjì kò ṣeé nù kúrò bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò lè kọ. Ó wá ní orin tó gbẹ̀yìn, Resting Place, kò lágbára tó àwọn tó kù, pé ó yẹ kí wọ́n fi èyí tó gbóná parí rẹ̀.

Orin yẹn gan-an ni ọkùnrin kásẹ́ẹ̀tì já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó tó ọdún mọ́kànlá kí n tó mọ̀ pé ó wà. Ọ̀rẹ́ mi kan ra rẹ́kọ́ọ̀dù náà ní Èkó ní 1999, a jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, a ò tan iná. Red, Gold and Green parí. Mo ti ń nawọ́ láti gbé abẹ́rẹ́ náà kúrò. Ọ̀rẹ́ mi di ọwọ́ mi mú. Abẹ́rẹ́ kọjá ibi tó ṣófo, ó dún "kẹ́, kẹ́", Rodney sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ibi tí òun lè sinmi sí. Ẹni tó ti ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè láti ojú kìíní, òun ló wá ń bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.

Màmá mi ti lọ ní ọdún méjì ṣáájú ọjọ́ yẹn. Nígbà tó parí, mo dá abẹ́rẹ́ náà padà sí orin kejì lójú kìíní.